Ká Tó Pé Àádọ́ta Ọdún: Owó Ìfẹ̀yìntì, Ìwé Ìjọba, Ṣíà, Ilé Rẹ́ǹtì, Oko àti Owó Òkè Òkun, Èwo Ló Lè Gbà Wá Lọ́wọ́ Iṣẹ́ Ojoojúmọ́?

Ẹni tó bá ń gbé Ìkòròdú, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island, kò ní í bi mí pé kí ló dé tí mo ń wá ọ̀nà àbáyọ. Aago mẹ́rin ìdájí ló ń jí. Kó tó di aago márùn-ún, ó ti wà nínú ọkọ̀. Á sùn lórí afárá Third Mainland nígbà tó ń lọ, á tún sùn lórí rẹ̀ nígbà tó ń bọ̀, á sì délé lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ sùn. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọmọ mi obìnrin bi ìyá rẹ̀ pé ṣé Sátidé nìkan ni dádì máa ń gbé ilé wa ni. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo mú ìwé àti bírò, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò ọjọ́ tí màá lè dúró sílé.

Ohun tí mo rí láti ìgbà náà ni mo fẹ́ gbé kalẹ̀ fún ẹni tó ń gba owó oṣù, tó wà láàárín ọgbọ̀n sí ọdún márùnlélógójì, tó sì fẹ́ kí iṣẹ́ di ohun tó wù ú láti ṣe kó tó pé àádọ́ta. Ìfẹ̀yìntì tí mò ń sọ kì í ṣe ká káwọ́ gbera. Bàbá tó fi ọ́fíìsì sílẹ̀ á ṣì máa kọ ebè sẹ́yìnkùlé, ìyá tó fi tíṣà sílẹ̀ á ṣì máa tajà díẹ̀díẹ̀. Ohun tí mò ń wí ni pé kí oúnjẹ ilé, owó iléèwé àti owó oògùn má dá lórí bóyá a jí lọ síbi iṣẹ́ lónìí. Nínú iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ẹni tó bá pé ọgọ́ta ọdún tàbí tó lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ ló ń fẹ̀yìn tì. Ti àwọn olùkọ́ ti di ọdún 65 tàbí 40 lẹ́nu iṣẹ́ láti ọdún 2022. Ẹni tó bá fẹ́ lọ ṣáájú, òun fúnra rẹ̀ ni yóò tọ́jú ara rẹ̀.

Ohun tí mo fi wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn

Ìṣírò kan wà tí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì kíákíá ní Amẹ́ríkà gbára lé. Lọ́dún 1994, William Bengen, tó ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn lórí owó, yẹ àkọsílẹ̀ ṣíà (ìpín nínú ilé iṣẹ́) àti bọ́ǹdù (ìwé gbèsè tó ń mú èlé wá) ilẹ̀ náà wò. Ó rí i pé ẹni tó bá yọ ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, tó sì ń bu díẹ̀ lé e lọ́dọọdún bí ọjà bá ṣe ń wọ́n sí i, owó náà á gbé e fún ọgbọ̀n ọdún. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un pé ẹni tó bá ti kó ìnáwó ọdún kan jọ lọ́nà 25 ti dòmìnira. Bí ìnáwó ilé yín bá jẹ́ ₦400,000 lóṣù, ₦4.8 mílíọ̀nù lọ́dún nìyẹn. Ìlọ́po 25 rẹ̀ jẹ́ ₦120 mílíọ̀nù.

Mo gbé ìṣírò yẹn kiri fún ọdún méjì kí n tó rí ibi tó ti já. Dọ́là ni wọ́n fi ṣe é, náírà la sì ń ná. Dọ́là kan kò tó ₦500 lọ́jà ìjọba níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ọdún 2023. Nígbà tó fi máa di 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Àpò ìrẹsì tí a ń rà ní nǹkan bí ₦10,000 lọ́dún 2015 ti kọjá ₦80,000 lọ́dún 2024. Bí ọjà bá ń fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè lọ́dọọdún, ₦400,000 tí ẹ ń ná lóṣù lónìí á di ₦691,200 lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mílíọ̀nù kan lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Òkìtì owó tí kò bá ọjà dàgbà, bó ti wù kó ga tó, yìnyín inú oòrùn ni.

Nítorí náà, kì í ṣe bí ohun kan ṣe tóbi tó ni mo kọ́kọ́ ń bi í. Mo ń bi í pé: bí gàrí bá wọ́n, ṣé owó tí wàá máa mú wá náà á pọ̀ sí i? Ìkejì, ẹ̀ẹ̀melòó lóṣù ni wàá máa pè mí? Torí ohun tó bá ń pè mí lójoojúmọ́ ti di iṣẹ́ mìíràn. Ìkẹta, bí dókítà bá ní kí n mú owó wá kílẹ̀ ọ̀la tó mọ́, ṣé màá rí ẹ yọ? Ìkẹrin, ta ló lè gbà ẹ́ lọ́wọ́ mi? Iye tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ṣe pàtàkì, àmọ́ mo fi í sẹ́yìn àwọn mẹ́rin yìí.

Owó ìfẹ̀yìntì tó ti wà lọ́rùn ọ̀pọ̀ wa

Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 sọ pé kí òṣìṣẹ́ dá ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, kí agbanisíṣẹ́ dá mẹ́wàá lé e, kí gbogbo rẹ̀ wọ àpò kan tí à ń pè ní RSA, tó ń jẹ́ orúkọ òṣìṣẹ́ náà. PFA, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń darí owó ìfẹ̀yìntì, tí ẹ fúnra yín yàn ló ń fi owó náà ṣòwò, PenCom, àjọ ìjọba lórí owó ìfẹ̀yìntì, ló sì ń ṣọ́ wọn. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé PFA tó ń darí owó kọ́ ló ń tọ́jú rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ilé iṣẹ́ tó ń pa á mọ́. Lórí ìbéèrè kẹrin, kò sí èyí tó sàn jù ú lọ nínú gbogbo ohun tí mo wò.

Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 42 gbọ́dọ̀ mọ èyí dájú: bí ẹ bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kẹ́ ẹ tó pé àádọ́ta, tí oṣù mẹ́rin sì kọjá tí ẹ kò ríṣẹ́ mìíràn, ìdá 25 nínú owó náà ni wọ́n lè fún yín mọ, kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyókù di ọjọ́ tí ẹ bá pé àádọ́ta. Nígbà náà, ẹ lè gba díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ́ ẹ wá máa gba ìyókù lóṣooṣù lọ́wọ́ PFA, tàbí kẹ́ ẹ gbé e fún ilé iṣẹ́ adójútòfò kí wọ́n máa san owó fún yín títí ọjọ́ ayé yín. Ó ń dàgbà, àmọ́ orí ìwé gbèsè ìjọba ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà, kì í sì í sábà yára tó ọjà nígbà tí ọjà bá ń sáré. Láti ọdún 2022, ẹni tó ti dá owó náà fún ó kéré tán ọdún márùn-ún lè fi ìdá 25 rẹ̀ ṣe owó ìbẹ̀rẹ̀ fún ilé tó fẹ́ fi ẹ̀yáwó ilé rà. Mo rò pé ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n mọ̀.

Ẹ máa yẹ àkọsílẹ̀ yín wò lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ilé iṣẹ́ kan tí mo bá ṣiṣẹ́ rí yọ ìdá mẹ́jọ mi fún oṣù mẹ́rìnlá láìfi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí PFA. Ọjọ́ tí mo wo àkọsílẹ̀ ni mo mọ̀, ó sì tó ọdún kan kí wọ́n tó san án tán. Ìjọba pàápàá ń pẹ́: lọ́dún 2025 ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí bọ́ǹdù ₦758 bílíọ̀nù kí wọ́n lè san gbèsè owó ìfẹ̀yìntì tó ti gbá jọ. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́, bíi télọ̀ tàbí mẹkáníìkì, náà lè ṣí tirẹ̀. Láti ọdún 2019 ni ètò ti àwọn tó ń dá iṣẹ́ ara wọn ṣe ti wà, tí wọ́n ti lè yọ apá kan nínú ohun tí wọ́n bá dá nígbà tí wọ́n bá nílò rẹ̀, tí ìyókù á sì dúró de ọjọ́ ogbó.

Ìwé ìjọba

Ìjọba ló ń yá owó yín, tó sì ń san èlé lé e. Lójú ẹni tí kò fẹ́ wàhálà rárá, èyí ni ọ̀run. Tírẹ́sùrì bíìlì ń lo ọjọ́ 91, 182 tàbí 364. Ẹ ń san owó tó dín sí iye tí ẹ máa gbà. Lọ́jọ́ tó bá pé, gbogbo rẹ̀ á wọlé. Bọ́ǹdù alápamọ́ tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní oṣù Kẹta ọdún 2017 rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: ₦5,000 lẹ fi ń bẹ̀rẹ̀, ọdún méjì tàbí mẹ́ta ló ń lò, èlé rẹ̀ sì ń wọ báńkì lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó máa pè yín lóru pé páìpù bẹ́. Bí ìṣòro dé, ẹ lè tà á kó tó pé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ lè pàdánù díẹ̀.

Bí èlé bá jẹ́ ìdá 15, ₦32 mílíọ̀nù tó láti máa mú ₦400,000 wá lóṣù. Ẹ rí i pé ₦32 mílíọ̀nù kéré gan-an sí ₦120 mílíọ̀nù ti Bengen. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú nìyí. Bí ẹ bá ń jẹ gbogbo èlé náà, ₦32 mílíọ̀nù náà ni yóò ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ₦400,000 náà ni yóò ṣì máa mú wá, àmọ́ kò ní í lè ra ìdajì ohun tó ń rà lónìí bí ọjà bá ń fi ìdá 20 gòkè. Lọ́dún 2024, èlé tírẹ́sùrì bíìlì ọlọ́dún kan kọjá ìdá 20 láwọn ìgbà kan, inú wa sì dùn. Ọ̀wọ́ngógó ọjà tí ìjọba fúnra rẹ̀ kéde fún oṣù Kejìlá ọdún yẹn jẹ́ ìdá 34.8. Owó ń wọlé, òṣì ń wọlé tẹ̀lé e.

Mo ṣì ń lò ó. Owó ọdún kan tàbí méjì tí a máa jẹ ló yẹ kó wà níbẹ̀, kì í ṣe owó ogún ọdún. Ẹni tó bá sì wá bá yín pé òun ní ibì kan tó ń fún èèyàn ní ìdá 30 lóṣù kan ṣoṣo, ẹ rántí MMM, ètò tó ní òun ń sọ owó di ìlọ́po, tó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn èèyàn nínú oṣù Kejìlá ọdún 2016, kẹ́ ẹ sì rántí CBEX, irú rẹ̀ mìíràn, tó dà wó nínú oṣù Kẹrin ọdún 2025. Owó ìfẹ̀yìntì àwọn arúgbó wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí gan-an.

Ṣíà

Mi ò ní í pẹ́ níbí. Ṣíà ilé iṣẹ́ tó lágbára ń bá ọjà gòkè, torí ilé iṣẹ́ náà ń fi owó lé ọjà rẹ̀. Ó ń san èrè lọ́dọọdún, kì í sì í pe ẹnikẹ́ni. Sùúrù ló gbà. Ẹni tó ra ṣíà ní Èkó lóṣù Kẹta ọdún 2008, nígbà tí ọjà náà wà lókè téńté, rí i tó já wálẹ̀ ju ìdajì lọ kí ọdún kan tó pé, ọdún 2023 ni òṣùwọ̀n gbogbo ọjà náà tó padà síbi tó wà. Ọdún 15. Bí ẹ bá máa nílò owó náà kí ọdún mẹ́wàá tó pé, ẹ má gbé e síbẹ̀. Bí ẹ bá ní ọdún tó pọ̀ níwájú, tí ẹ sì ń rà díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù yálà ọjà gòkè tàbí ó sọ̀, ó dára ju kí owó máa sùn ní báńkì lọ.

Ilé rẹ́ǹtì

Bí ẹ bá bi bàbá èyíkéyìí ní Ìbàdàn pé níbo ni owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ wà, ilé ni yóò nawọ́ sí. Ó ní ìdí. Ilé ń bá ọjà gòkè láìjẹ́ pé onílé ṣe ohunkóhun. Àpò sìmẹ́ńtì tó wà ní nǹkan bí ₦5,000 lọ́dún 2023 dé ₦10,000 láwọn ibì kan níbẹ̀rẹ̀ 2024. Ẹni tó ti kọ́ tirẹ̀ tán kò sunkún, torí ẹni tó fẹ́ kọ́ irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ná ìlọ́po.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ láìtan ara wa. Ká ní ilẹ̀ àti ilé onífúláàtì mẹ́rin, yàrá méjì-méjì, jẹ yín ní ₦80 mílíọ̀nù. Ká ní fúláàtì kọ̀ọ̀kan ń mú ₦900,000 wá lọ́dún. ₦3.6 mílíọ̀nù nìyẹn. Ẹ yọ owó ajẹ́ńtì, ẹ yọ oṣù tí fúláàtì kan bá ṣófo, ẹ yọ páànù tó ń jò, ẹ yọ sọ́kàwéè tó kún àti pọ́ńpù omi tó bàjẹ́. Bí ₦3 mílíọ̀nù bá kù, ẹ dúpẹ́. Kò pé ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ₦80 mílíọ̀nù. Owó kan náà nínú ìwé ìjọba tó ń fún yín ní ìdá 15 á mú ₦12 mílíọ̀nù wá. Ẹni tó bá wo ọdún àkọ́kọ́ nìkan á sá fún ilé. Àmọ́ bí rẹ́ǹtì bá lè máa tẹ̀lé ọjà tó ń fi ìdá 20 gòkè, ní nǹkan bí ọdún kẹjọ á ti kọjá ₦12 mílíọ̀nù náà, ilé náà á sì ti di ohun tí ₦80 mílíọ̀nù kò lè rà mọ́. Òótọ́ ni pé rẹ́ǹtì kì í gòkè lọ́dọọdún. Àwọn ayálégbé náà ń gba owó oṣù tí kò gòkè. Ẹ fi ọdún méjì mẹ́ta kún ìṣírò yẹn kó lè súnmọ́ òótọ́.

Ta ló lè gbà á lọ́wọ́ yín? Ìbéèrè yìí ló yẹ kó gba oorun lójú ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà, nítorí náà rìsíìtì tí mọ̀lẹ́bí kọ fún yín kò tó. Mo mọ̀ ọ́n lára. Ilẹ̀ tí mo kọ́kọ́ rà, rìsíìtì ni mo gbà, mo sì fi pẹ́pà yẹn sábẹ́ Bíbélì bí ohun iyebíye. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, ẹni méjì mìíràn dé pẹ̀lú rìsíìtì tiwọn láti ọwọ́ mọ̀lẹ́bí kan náà. Kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ mú nọ́ńbà sọ́fè ilẹ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General (ọ̀gá àwọn awọnlẹ̀) ìpínlẹ̀, kí wọ́n wò ó bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé e; kí lọ́ọ̀yà yín, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á, wá bóyá C of O (ìwé àṣẹ ilẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba) wà, tí ẹ bá sì rà á tán, kó gba ìfọwọ́sí gómìnà lórí rẹ̀. Èkó ní òfin láti ọdún 2016 tó dojú kọ àwọn ajagungbalẹ̀, àmọ́ ẹjọ́ ń gba ọdún, ẹni tó ń sá fún wàhálà ọ́fíìsì kò sì fẹ́ lọ máa jókòó sí kóòtù.

Ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé ká kọ́ ilé sẹ́gbẹ̀ẹ́ yunifásítì, bíi Ògbómọ̀ṣọ́, Ilé-Ifẹ̀ tàbí Àgọ́-Ìwòyè, pé akẹ́kọ̀ọ́ kì í tán. Òótọ́ ni. Ẹ tún rántí pé oṣù mẹ́jọ ni ASUU fi dá iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2022. Ẹni tí ilé akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ń bọ́ fojú winá ọdún yẹn.

Ilé kò sì ṣeé gé tà nígbà àìsàn. Ẹ kò lè yọ bíríkì mẹ́wàá lára ògiri lọ fún ilé ìwòsàn. Ìdí nìyí tí ìwé ìjọba fi gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Níwọ̀n bí a sì ti dórí ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn, ọjọ́ tí ẹ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni HMO (ètò adójútòfò ìlera) tí ọ́fíìsì ń san máa dáwọ́ dúró. Ẹ ti ṣírò ìlera mọ́ ìnáwó oṣù kẹ́ ẹ tó kọ lẹ́tà. Àwọn ìpínlẹ̀ ti ní ètò tiwọn, bí irú Ìlera Èkó.

Oko

Ọ̀rọ̀ oko dùn létí ẹni tó wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Lórí ìbéèrè àkọ́kọ́, òun ló gba ipò kìn-ín-ní. Epo pupa kì í fi ọjà sílẹ̀ kó dá nìkan wà nísàlẹ̀. Kòkó sì ń tẹ̀lé dọ́là: tọ́ọ̀nù kan kọjá $10,000 lọ́jà àgbáyé nínú oṣù Kẹta ọdún 2024, ó tún kọjá $12,000 lóṣù Kejìlá, kó tó já wálẹ̀ gan-an lọ́dún 2025. Àwọn àgbẹ̀ Ìdànrè àti Ilé-Olújì tí kò ta oko bàbá wọn rí èrè jẹ lọ́dún 2024.

Ọ̀pẹ ni mo sábà máa ń dá lábàá fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ọ̀pẹ Tenera, tí èèpo èkùrọ́ rẹ̀ fẹ́lẹ́, láti ibi tó dájú bíi NIFOR, ilé ìwádìí ọ̀pẹ ti ìjọba, ní ẹ̀bá Benin. Bí ẹ bá fi mítà mẹ́sàn-án sí àárín wọn, tí ẹ gbìn ín ní igun mẹ́ta mẹ́ta, 143 ló máa wọ hẹ́kítà kan. Á bẹ̀rẹ̀ sí í so láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, á sì máa so fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín ọdún àkọ́kọ́ sí ìkẹta, ẹ lè gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo sáàárín rẹ̀, kí ìyẹn máa san owó ìroko. Ẹ fi wáyà yí ìdí àwọn ọ̀pẹ kéékèèké ká, torí ọ̀yà fẹ́ràn ọ̀jẹ̀lẹ́ ọ̀pẹ ju bí èèyàn ṣe rò lọ.

Ibi tí mo ti dúró nìyí: mi ò gbà pé oko ṣeé dá láti orí fóònù. Ìdì ẹyìn ń pọ́n léraléra, ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ á gbọ́ pé kò pọ́n tó. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, iná sọ. Màlúù wọlé. Lébìrà tó mọṣẹ́ gan-an fẹ́ ìpín nínú èrè, bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú oko kòkó tí ìdámẹ́ta fi ń jẹ́ ti ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, mo sì rò pé ó tọ́ sí i. Gbogbo ẹni tí mo rí tí oko ń bọ́ láìṣe wàhálà, oko náà ń rí ojú rẹ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Bàbá mi kékeré fi tíṣà sílẹ̀ ní ọdún 47, ó kó lọ sítòsí oko kòkó rẹ̀, ó sì gbé ibẹ̀ títí ó fi jáde láyé. Inú rẹ̀ dùn. Àmọ́ ó kó lọ síbẹ̀ ni, kò gbé e lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹni tí kò lè fi ìlú ńlá sílẹ̀, kó jẹ́ kí oko jẹ́ ti ẹlòmíràn.

Owó òkè òkun

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London tàbí Manchester, tẹ́ ẹ fẹ́ padà sílé kí ọjọ́ ogbó tó dé, ìṣírò ti Bengen súnmọ́ yín ju àwa lọ, torí pọ́n-ùn lẹ máa yọ, náírà lẹ máa ná. Owó ìfẹ̀yìntì ibi iṣẹ́ ń gba ó kéré tán ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù tí òfin kà sí, márùn-ún láti ọwọ́ yín, mẹ́ta láti ọwọ́ agbanisíṣẹ́. Ẹ kò lè fọwọ́ kàn án kẹ́ ẹ tó pé ọdún 55, á sì di 57 láti oṣù Kẹrin ọdún 2028. ISA, àpò ìfowópamọ́ kan lọ́hùn-ún, ni afárá tí yóò gbé yín dé ọjọ́ yẹn: £20,000 lẹ lè fi síbẹ̀ lọ́dún kan, èrè rẹ̀ kò ní owó orí níbẹ̀, ẹ sì lè yọ ọ́ nígbàkígbà nínú èyí tí kò ní gbèdéke. Ẹ̀yin ti Amẹ́ríkà, 401(k) yín, àpò owó ìfẹ̀yìntì ibi iṣẹ́, ń dúró de ọdún 59 àti ààbọ̀. Ẹni tó bá yọ ọ́ ṣáájú sábà máa ń san owó ìtanràn ìdá mẹ́wàá yàtọ̀ sí owó orí.

Nǹkan méjì lẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kẹ́ ẹ tó di ẹrù. Owó ìfẹ̀yìntì ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kì í gòkè mọ́ fún ẹni tó bá ń gbé ní Nàìjíríà. Iye tó wà nígbà tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á níbí náà ni yóò dúró sí. NHS, ètò ìlera ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, sì wà fún ẹni tó ń gbé ibẹ̀, kì í ṣe fún ẹni tó kàn ní páàsì, nítorí náà ẹ ṣírò owó ìlera yín.

Ohun kẹta jẹ́ ẹ̀bẹ̀ láti ọ̀dọ̀ mi: ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ilé ńlá lábúlé. Mo ti rí ilé oníyàrá mẹ́jọ tí ẹnikẹ́ni kò yá, tí ẹ̀gbọ́n onílé ń gbé yàrá kan níbẹ̀, tí adìyẹ ń gbé ìyókù, nígbà tí ẹni tó kọ́ ọ ṣì ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé ìtọ́jú arúgbó lókè òkun torí pé kò sí ohun tó ń mú owó wá. Ilé tí àwọn èèyàn máa yá ni kó ṣáájú, ní ìlú tí iṣẹ́ wà.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò ju ₦300,000 lọ kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ilé tàbí ṣíà. Ìnáwó ni kó kọ́kọ́ gé, ohun tó sì ń jẹ owó jù ni ibi tó ń gbé. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá gbà á láyè láti máa wá sí ọ́fíìsì lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kó lọ gba ilé ní Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn. Ọkọ̀ ojú irin ti ń so wọ́n pọ̀ mọ́ Èkó láti ọdún 2021. Kó wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́, kó fi ẹ̀yáwó rẹ̀ ra ilẹ̀ kan ṣoṣo tí ìwé rẹ̀ pé, kó máa kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 50, RSA á bá a níbẹ̀.

Tọkọtaya tí àwọn méjèèjì ń gba owó oṣù tó nípọn: ẹ fi owó oṣù ẹnì kan jẹun, ẹ fi ti ẹnì kejì kọ́lé àti ra ṣíà. Ẹnì kan lè kọ́kọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kí ẹnì kejì fi ọdún mẹ́ta sí márùn-ún tẹ̀lé e. Nínú gbogbo ohun tí mo wò, èyí ni ìnáwó rẹ̀ kéré jù, mi ò sì mọ ìdí tí a kì í fi í sọ ọ́ léraléra.

Ẹni tó ní ilẹ̀ baba, tó fẹ́ràn afẹ́fẹ́ ìgbẹ́, tí ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ sì gbà láti kó lọ pẹ̀lú rẹ̀, kó mú ọ̀pẹ tàbí kòkó, kó sì gbìn ín ní ọdún márùn-ún kó tó kọ lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kò le, tàbí tó ń dá tọ́jú òbí àgbàlagbà, kó jẹ́ kí ìwé ìjọba pọ̀ nínú tirẹ̀, kó sì gbà pé òun yóò ṣiṣẹ́ ọdún díẹ̀ sí i kí owó náà lè pọ̀ tó láti má ṣe jẹ gbogbo èlé.

Èmi mú ilé. Fúláàtì mẹ́ta ní Ìbàdàn, lórí ilẹ̀ kejì, èyí tí mo gba ìwé rẹ̀ pé kí n tó fi bíríkì kan lélẹ̀. Ìnáwó oṣù mẹ́rìnlá wà nínú bọ́ǹdù alápamọ́. RSA wà níbi tó wà, mo sì ń ra ṣíà díẹ̀ lóṣooṣù. Mi ò mú oko, torí mo mọ̀ pé mi ò ní í lè gbé ibẹ̀. Rẹ́ǹtì náà ń gbé ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ìnáwó ilé wa báyìí. Nígbà tó bá dé mẹ́jọ, màá kọ lẹ́tà.